Àbúrò Mi, Yọwọ́ Kí Alábòójútó Ọjà Rẹ Tó Dé

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o fẹ́ gba alábòójútó ọjà àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní chef de produit ní àwọn ọ́fíìsì Lomé, sí ilé-iṣẹ́ kọfí rẹ ní Atakpamé. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé orí owó oṣù, bi ara rẹ léèrè: èwo nínú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ yọwọ́ nínú rẹ̀? Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo ń dá iye lé àpò kọfí, ìwọ lo ń sọ bí yóò ṣe tóbi tó, ìwọ lo ń sọ èyí tí ẹ kò ní ṣe mọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tí ẹni náà dé, akọ̀wé lo gbà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1931, Neil McElroy, ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí ìpolówó ọṣẹ Camay ní Procter & Gamble ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé ojú ewé mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ivory, ọṣẹ wọn àtijọ́, ló bo Camay mọ́lẹ̀. Ó ní kí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀, tí yóò wo ibi tó ti ń tà àti ibi tí kò ti tà, tí yóò dé ibẹ̀ wádìí, tí àtúnṣe yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀.

Wo àwọn ìyá wa Nana Benz náà, àwọn tó ń ta aṣọ wax ní Lomé láyé àtijọ́. Ọkọ̀ Mercedes wọn là ń sọ jù, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn ni pé nígbà náà, àwọn ará Holland tó ń ṣe aṣọ náà máa ń gba ọ̀rọ̀ wọn lórí àwọ̀ àti àrà tí yóò tà, wọ́n sì máa ń fún ẹnì kan ṣoṣo láṣẹ láti ta àrà kan. Ẹni tó mọ ọjà ló ní àṣẹ.

Nítorí náà, kọ ohun tó jẹ́ ti alábòójútó ọjà rẹ sílẹ̀, àti iye tó lè ná láìbi ọ́. Pe gbogbo òṣìṣẹ́, kí o sọ ọ́ lójú wọn. Ẹni tó ti ń bá ọ yan kọfí láti ọjọ́ pípẹ́ yóò ṣì yọ́ wá ní ìrọ̀lẹ́: “Patronne, ṣé ká ṣe é bó ṣe wí?” Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́, àbúrò mi. Ní kó padà lọ bi ẹni tó ni iṣẹ́, kódà bí ìdáhùn bá wà lẹ́nu rẹ.

Má béèrè ọjà tuntun lọ́wọ́ alábòójútó náà ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Fún un ní ìwé ìtajà àti owó mọ́tò, kó lọ bá àwọn olùtajà jókòó ní ọjà Atakpamé, ní Datcha, ní Anié, kó wo ẹni tó gbé àpò tó tún dá a padà sílẹ̀, kó sì bi í léèrè ìdí. Bó bá gbọ́ èdè Ifẹ̀ àti Ewe, ó dára jù.

Bó bá wá sọ pé kí ẹ dá àpò kékeré tí o fẹ́ràn jù dúró, tó sì fi ìwé ìtajà hàn ọ́, jẹ́ kó dá a dúró.