Kí Ló Dé Tí Wọn Kò Tètè Ṣiṣẹ́ Abẹ?

Ìbéèrè: Jẹjẹrẹ ìfun ìdí ni wọ́n bá lára bàbá wa, ó sì ti gbòòrò. Dókítà ní ìtànṣán àti oògùn ló máa ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ṣé ìdádúró yìí kò ní pa wọ́n lára?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí bàbá gba ìtọ́jú náà. Iṣẹ́ abẹ ṣì ni òpómúléró, àmọ́ inú ìbàdí há púpọ̀. Àpò ìtọ̀ àti iṣan tó ń darí rẹ̀ wà nítòsí. Ní 1982 ni Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ ní Basingstoke, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹnu mọ́ ọn pé ká yọ ìfun náà pẹ̀lú ọ̀rá tó yí i ká lódidi, láìjẹ́ kó ya. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé etí ọ̀rá yẹn, ọ̀bẹ nìkan lè ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ìtànṣán ló ń mú un sún kì.

Nínú ìwádìí Jámánì tó jáde ní 2004, láàárín ọdún 5, jẹjẹrẹ padà sójú ibi tó wà lára ènìyàn 6 nínú 100 tó gba ìtànṣán ṣáájú, àti 13 lára àwọn tó gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ lè ní iye àwọn tó yè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, 76 àti 74. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìdádúró ọ̀hún kò ké ẹ̀mí kúrú. Ìrora jẹjẹrẹ tó padà sí ìbàdí sì burú jọjọ. Ẹ bi dókítà bóyá àwòrán MRI fi hàn pé ó ti kan etí ọ̀rá, àti bóyá bàbá máa nílò àpò ìgbẹ́.