Ooru Tí Ojú Kò Lè Wọ̀n

Bí alágbẹ̀dẹ bá ti irin bọ iná, àwọ̀ rẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí ó bá pọ́n bí ẹyin iná, ó mọ̀ pé ó tó lù. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún alumíníọ̀mù, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ fèrèsé ń gé ní Àpáta, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta. Ní 660 dígírì Sẹ́ńtígíréèdì ni ó ń yọ́, kì í sì í pọ́n lójú ọ̀sán kí ó tó di omi.

Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń fi ẹ̀rọ wọn ooru rẹ̀. Ìtì alumíníọ̀mù tí a pò mọ́ magnẹ́síọ̀mù àti sílíkọ́nì díẹ̀ ni a ń mú gbóná dé nǹkan bí 450 sí 500 dígírì, kí ẹ̀rọ tó tì í gba inú ihò tí a gbẹ́ ní àwòrán férémù.

Hóró wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó so pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ wọ́n, wọn a fà gùn, hóró kéékèèké mìíràn a sì yọ nínú wọn. Bí ooru bá kéré jù, magnẹ́síọ̀mù àti sílíkọ́nì kò ní yòrò tán. Férémù a dán, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Bí ó bá pọ̀ jù, hóró a tóbi, ara rẹ̀ a sì ya. Ẹni tí ó bá gun àkàbà tí a fi irú rẹ̀ ṣe wà nínú ewu.

Bí ó ti ń jáde ni a ń fi atẹ́gùn tàbí omi mú un tutù kíákíá. Lẹ́yìn náà ni a ó tún mú un gbóná ní nǹkan bí 175 dígírì fún wákàtí bí 8, kí ó lè le. Oníṣẹ́ tí ó bá yan férémù lórí iná kí ó lè tẹ̀ ẹ́, líle yìí ni ó ń bàjẹ́: 250 dígírì péré ti tó láti mú un dẹ̀.