IRIN INÚ Ẹ̀JẸ̀ ÀTI ÀWỌN SÁRÉSÁRÉ

Bí a bá lè kó gbogbo irin tí ó wà nínú ara géńdé kan jọ sójú kan, kò ní ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kò tó láti fi rọ ọ̀bẹ. Bóyá ni alágbẹ̀dẹ yóò lè fi ṣe ìṣó kékeré kan. Síbẹ̀, lórí ìwọ̀n kékeré yìí ni agbára ẹni dúró lé, kò sì sí ẹni tí ọ̀ràn náà kàn tó ẹni tí ó ń fi eré sísá jẹun. Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí irin náà, àti lórí àwọn fítámì díẹ̀ tí ń bá a ṣiṣẹ́.

Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta irin yìí ni ó wà nínú ohun pupa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hemoglobin, èyí tí ó fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ iṣẹ́ alágbàárù. Yóò dé ẹ̀dọ̀fóró, yóò ru ọ́síjìn tí a mí símú, yóò gbé e fún iṣan ẹsẹ̀ àti ọpọlọ, yóò sì tún padà wá ru òmíràn. Bí sárésáré bá ti ń yára sí i ni iṣan rẹ̀ ń béèrè ọ́síjìn sí i. Bí alágbàárù kò bá pọ̀ tó, ẹrù yóò wà nílẹ̀, àwọn tí ń retí rẹ̀ yóò sì máa pariwo. Ariwo náà ni mímí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ wíwúwo, àti àárẹ̀ tí oorun kò lè wò.

Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ. Nígbà tí ó bá gbó, ara a tú u palẹ̀, a yọ irin inú rẹ̀, a sì kó o padà sínú mùdùnmúdùn eegun níbi tí a ti ń ṣe hóró tuntun, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ti ń yọ́ àkùfọ́ ọkọ́ láti fi rọ òmíràn. Ara kì í fi irin ṣòfò. Èyí tí ń sọnù lójúmọ́ lára ọkùnrin tí ara rẹ̀ le kò ju nǹkan bí mílígíráàmù kan lọ, oúnjẹ ni ó sì yẹ kí ó dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n ti sárésáré yàtọ̀, nítorí pé irin tirẹ̀ ń jò ní ọ̀nà púpọ̀.

Ọ̀nà tí ayé kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọdún 1881, dókítà Fleischer ti ilẹ̀ Jámánì kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan tí ìtọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú lẹ́yìn tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun rin ìrìn jíjìn. Bí ẹsẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀ líle ni ó ń fọ́ díẹ̀ nínú àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí pupa inú wọn sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ní 1964, dókítà R. J. L. Davidson fi yé ni pé bí a bá fi ohun rírọ̀ tẹ́ inú bàtà, ìtọ̀ náà a mọ́. Àwọn àgbà inú yín lè rántí Abebe Bikila ará Etiópíà, tí ó fi ẹsẹ̀ lásán sá eré máratọ́ọ̀nù ní ìlú Róòmù ní 1960 tí ó sì gba góòlù, kí wọ́n sì béèrè pé báwo ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ti ṣe. Kí a má bàa dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, irin tí ń gba ọ̀nà yìí lọ kò pọ̀, nítorí pé ara ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó padà kí ó tó dé inú ìtọ̀.

Òógùn pẹ̀lú ń gbé díẹ̀ lọ. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré ọ̀nà jíjìn, ẹ̀jẹ̀ a kúrò níbi ìfun lọ bá iṣan ẹsẹ̀, ìfun a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Oògùn ìrora bíi aspirin, tí àwọn eléré ìje fẹ́ràn láti máa gbé mì, ń dá kún un. Obìnrin tún ní nǹkan oṣù tirẹ̀ lórí gbogbo èyí. Nínú ìṣirò àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 8 ni irin tí ó yẹ kí ọkùnrin máa jẹ lójúmọ́, 18 ni ti obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù, 27 sì ni ti aboyún.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà ni èyí tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2000. Ẹ̀dọ̀ ní oníbodè kan tí ó máa ń rán sínú ẹ̀jẹ̀, hepcidin ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí oníbodè yìí bá pọ̀, ìfun a ti ilẹ̀kùn mọ́ irin tí ó wà nínú oúnjẹ. Eré líle a sì máa mú kí ó pọ̀, pàápàá láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí a bá sáré tán. Ẹni tí ó sáré ní òwúrọ̀, tí ó wá dúró di ọ̀sán kí ó tó jẹ ẹran rẹ̀, ilẹ̀kùn títì ni ó ń kàn. Ó sàn kí ó jẹ ẹ́ kí ó tó jáde, tàbí gẹ́rẹ́ tí ó bá ti dé.

Àìtó irin kì í dé lójijì. Ẹ fi í wé aká àgbẹ̀. Aká a kọ́kọ́ ṣófo, ṣùgbọ́n ìkòkò ṣì ń hó lórí iná, ará ilé kò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Aká irin ni ohun tí a ń pè ní ferritin, a sì lè wọn díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà eléré ìdárayá ni ó gbà pé bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ máíkírógíráàmù 35 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, aká sárésáré ti ń ṣófo. Lẹ́yìn èyí ni mùdùnmúdùn eegun yóò máa wá irin tì. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò tó dín kù, tí hemoglobin yóò wá sí ìsàlẹ̀ gíráàmù 13 nínú désílítà kan fún ọkùnrin, tàbí 12 fún obìnrin tí kò lóyún.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn ti ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́. Ọmọbìnrin tí ó gba ipò kìíní ní ọdún tí ó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìkẹyìn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀nà tí a mọ̀ jù, wọ́n ní hemoglobin rẹ̀ tó. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó sì fi kún iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àfikún náà tún ń mú kí irin rẹ̀ máa jò sí i. Kò sí ẹni tí ó wo inú aká. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni kí a na ẹṣin tí kò jẹun. Paula Radcliffe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ikọ́ fée àti àìtó ẹ̀jẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè é ní ọ̀lẹ nígbà náà, ta ni ìbá sá máratọ́ọ̀nù London ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti àáyá 25 ní ọdún 2003, èyí tí obìnrin kankan kò borí títí di 2019?

Ìtànjẹ kan tún wà ní òdìkejì. Ẹni tí ó ń sáré déédéé, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, hemoglobin rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé ó lọ sílẹ̀. Bí a bá bu omi sí ọbẹ̀, ọbẹ̀ yóò fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n iye ẹran inú ìkòkò kò dín. Èyí kì í ṣe àìsàn, kò sì béèrè oògùn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wọn méjèèjì pọ̀, hemoglobin àti ferritin.

Àwọn tí wọ́n tẹ́tí sí ìròyìn Òlíḿpíìkì ti ìlú Mẹ́síkò ní 1968 yóò rántí bí àwọn ọmọ Áfíríkà ti gba gbogbo eré àwọn ọkùnrin láti 1,500 mítà dé máratọ́ọ̀nù. Kip Keino àti Naftali Temu ti Kẹ́ńyà àti Mamo Wolde ti Etiópíà wà lára wọn. Ron Clarke ará Ọsirélíà, tí ó ti fi àkókò tirẹ̀ borí ayé tẹ́lẹ̀, dákú ní òpin eré 10,000 mítà. Ìlú náà ga ju òkun lọ ní 2,240 mítà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Lórí òkè bẹ́ẹ̀, kíndìnrín a ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kí ó ṣe hóró ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Nítorí èyí ni àwọn sárésáré káríayé fi ń lọ gbé ní Iten, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ó ga tó nǹkan bí 2,400 mítà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò lè rọ ohun tí kò ní irin rẹ̀. Ẹni tí ó bá gun òkè pẹ̀lú aká òfìfo yóò ná owó, yóò jìyà òtútù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ní pọ̀ bí ó ti yẹ.

Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2004 wo ohun tí àwọn ògbóǹtarìgì Kẹ́ńyà ń jẹ. Oúnjẹ tálákà gidi ni: ugali, tí ó jọ túwó àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ìrẹsì, ẹran díẹ̀, àti tíì oníwàrà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ife. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀ àfi tíì náà. Bí a bá mu tíì mọ́ oúnjẹ, ó lè dín irin tí ara yóò gbà nínú oúnjẹ náà kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a mu ún ní wákàtí kan tàbí méjì sí àkókò oúnjẹ ni ó dára.

Nínú 100 irin tí ó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹja, ara lè gba 15 sí 35. Nínú ti ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọkà, 2 sí 20 ni. Fítámì C ni ó ń ran ti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ó sì wà nínú ọsàn, ìbẹ́pẹ, gúáfà, tòmátì àti ata tútù. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀wà kì í ṣe ìgbádùn lásán. Àwọn ìyá wa tí ń rẹ àgbàdo kí ó kan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ṣe ògì ti ń ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ ń yìn, nítorí pé kíkan náà ń fọ́ ohun tí ń di irin mú nínú ọkà. Ìkòkò irin pàápàá wúlò: ní 1999, a tẹ ìwádìí kan jáde láti Etiópíà tí ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí a ń fi ìkòkò irin se oúnjẹ fún dára ju ti àwọn tí a ń fi ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù se fún lọ.

Irin nìkan kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní 1931, dókítà obìnrin Lucy Wills kọ̀wé láti Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà pé àwọn aboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó gbádùn nígbà tí a fún wọn ní ohun tí a fi ìwúkàrà ṣe. Fólétì ni a wá mọ ohun inú rẹ̀ sí lẹ́yìn náà, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá omi lọ nígbà tí a bá bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù. Ewúro kò ṣeé jẹ láìfọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ kò béèrè ìyà tó bẹ́ẹ̀. Fítámì B12, tí a yọ sọ́tọ̀ ní 1948, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó wà. Sárésáré tí kò bá fẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn gbọ́dọ̀ wá a sínú hóró oògùn.

Fítámì D ń bá eegun ṣiṣẹ́, oòrùn ni ó sì ń ṣe é lára awọ ẹni. Eegun sárésáré tí fítámì yìí kò tó lára rẹ̀ lè sán láìṣubú. Awọ dúdú ń pẹ́ kí ó tó ṣe é, èyí tí kò ni wá lára níhìn-ín tí oòrùn kò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní London àti Manchester, ìjọba ibẹ̀ gbà wọ́n nímọ̀ràn láti ronú lórí lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jákèjádò ọdún. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín sí wọn.

Ó ku ọ̀ràn oògùn ẹ̀jẹ̀. Ara kò ní ọ̀nà tí ó lè gbà da irin àpọ̀jù nù. Ní 2004, àwọn dókítà kọ̀wé pé ferritin ọ̀pọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí ń fi eré ìje ṣiṣẹ́ ti ga kọjá ààlà, abẹ́rẹ́ irin sì wà lára ohun tí a fura sí. Irin tí ó bá kó jọ bẹ́ẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Ẹni tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, pàápàá tí a ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, irin rẹ̀ lè ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, níhìn-ín, kì í ṣe eré ni ó sábà ń mú ẹ̀jẹ̀ dín bí kò ṣe ibà, àti aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti máa mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kò lè lé èyíkéyìí nínú wọn lọ. Àyẹ̀wò ni kí ó ṣáájú.

Bí dókítà bá sì ti fún ni ní hóró irin, kí a lò ó bí ó ti sọ. Ní Switzerland, àwọn olùwádìí rí i ní 2017 pé àwọn obìnrin tí aká irin wọn ti lọ sílẹ̀, tí wọ́n ń lò ó ní ọjọ́ kan tí wọ́n sì ń fo ọjọ́ kejì, gba irin dáadáa ju àwọn tí ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí pé oníbodè tí a sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń dìde sí hóró tòní, kò sì ní tíì jókòó kí ti ọ̀la tó dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá èyí yóò bá yín mu. Ìgbẹ́ yóò dúdú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà. Kí a sì gbé hóró náà sókè, kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àdídùn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa ọmọ kékeré.