Awakọ̀ Ọ̀mùtí: Ẹ̀wọ̀n Ni Tàbí Ìtọ́jú?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 13:6-9, Òwe 23:29-35

Àwa tí a ń wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀gùn lọ sí Ìkọ̀tún mọ òórùn paraga lẹ́nu awakọ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹlòmíràn kò mu ọtí rárá, igbó ni ó fà, tàbí kí ó lo tramadol, kí ó ní àárẹ̀ ni òun fi ń lé lọ. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìwé owó ìtanràn Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, 5,000 náírà ni a kọ sí ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Awakọ̀ a san án, a sì padà sídìí ìgò. (Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ san án, ẹ kúkú mọ̀.) Bí a bá sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni ebi yóò máa pa, òun náà yóò sì jáde pẹ̀lú òùngbẹ tí ó gbé wọlé.

Ní Miami, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá kóòtù kan sílẹ̀ ní 1989 fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Adájọ́ a ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ gba ìtọ́jú, kí ó máa padà wá síwájú òun, kí a sì máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ ọ̀mùtí pẹ̀lú. Nílé wa níhìn-ín, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ti 2015 gba adájọ́ láyè láti rán ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò wúwo lọ sí ibùdó àtúnṣe dípò ẹ̀wọ̀n. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ní 2007, mú iṣẹ́ ìlú wá. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti dè, ti Yábàá náà sì ń ṣe é.

Ẹ wo olùṣọ́gbà inú Lúùkù. Kò sọ pé igi náà kò jẹ̀bi. Ọdún kan ni ó bẹ̀bẹ̀ fún, kì í sì í ṣe ọdún ìsinmi: yóò tu ilẹ̀, yóò kó ajílẹ̀ sí i, bí kò bá sì so, kí a gé e. Àwọn kan ń ka ibẹ̀ bí ẹni pé àforíjì lásán ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú tí kò ní àáké lẹ́yìn, awakọ̀ yóò fi ṣeré ni. Nítorí náà, kí a gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dá. Ẹni tí ó bá sì ti pa ènìyàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọjá èyí. Ìyá tí ó sin ọmọ kò ní gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ yìí lẹ́nu wa.

Fún ìjíròrò ní kíláàsì:

Bí awakọ̀ náà bá jẹ́ ọmọ rẹ, kí ni ìwọ yóò bẹ adájọ́ fún? Bí ẹni tí ó gbá bá jẹ́ ọmọ rẹ ńkọ́?

Bí arábìnrin kan láàrin wa bá ń ta paraga ní gáréèjì, tí ó sì ń fi í san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ yóò bá a sọ, òwò wo ni a ó sì fi rọ́pò rẹ̀ fún un?