Orúkọ Ìrora àti Orúkọ Àrùn

Bí ènìyàn bá ti Ìbàdàn bọ̀, tí ó ń gba ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, yóò kọ́kọ́ kan Fìdítì kí ó tó dé Ìlọrà. Àgbẹ̀ pọ̀ ní ìlú méjèèjì. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó Fìdítì kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà yẹn. Ẹsẹ̀ ni olú ohun-ìní àgbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kọṣẹ́, oko a di igbó, olóko a sì di ẹni tí ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò sì lè rìn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò máa jẹ ẹ́ lọ́kàn: kí ni ń ṣe mí?

Ìdáhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni “làkúrègbé”. Ọ̀rọ̀ yìí gba ohun púpọ̀ mọ́ra. Arúgbó tí orúnkún rẹ̀ ti gbó, a ní làkúrègbé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ba egungun ìbàdí rẹ̀ jẹ́, a ní làkúrègbé ni. Ẹni tí ikọ́-ife wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, àti ẹni tí ìtọ̀-ṣúgà ti ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àgbo kan náà ni a ń fún wọn mu. Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Oògùn ikọ́-ife lè gbé ẹni tí kò lè dìde dúró padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun fún orúnkún tí ó gbó. Èmi kò kẹ́gàn àwọn baba wa tí wọ́n mọ ewé tí wọ́n sì mọ egbò. Ohun tí mo ń wí ni pé orúkọ tí a fún ìrora kò tíì di orúkọ àrùn. Bí àgbo kò bá sì ràn án, a tún lè wí pé ọwọ́ ayé ni. A ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orogún tàbí àna ní ìwòkuwò, oṣù yóò sì máa gorí oṣù.

Àrùn kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ ìtàn bí a ti ṣe wá ìdí rẹ̀. Kì í ṣe Fìdítì tàbí Ìlọrà ni a mọ̀ ọ́n mọ́, bí kò ṣe ìhà Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ará Afijió náà ń gbé aláìsàn wọn lọ, ni a ti tú u wò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ a máa ta ènìyàn bí ẹni tí ó tẹ ẹyin iná. Lẹ́yìn náà a kú, tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà lè bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni láìmọ̀. Ní ọ̀sán yóò ṣì máa rìn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Bí ó bá dijú láti bọ́jú ní òwúrọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ojú àwọn mìíràn a di bàìbàì, etí wọn a sì di.

Ní 1888, dókítà kan tí ń jẹ́ Henry Strachan kọ̀wé láti Jàmáíkà nípa irú àìsàn báyìí, ó sì rò pé ibà ni ó fà á. Strachan yìí kan náà ni ó wá ṣe olórí àwọn dókítà ìjọba ní Èkó lẹ́yìn náà. Ibà wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wíwọ́pọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 1958, Money kọ̀wé nípa àwọn tí irú àìsàn náà ń bá jà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí a bí ní 1935, gbájú mọ́ ọ̀ràn náà ní UCH, ilé-ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní Ìbàdàn ní 1957.

Ọ̀nà tí àwọn dókítà iṣan ń gbà ṣe ìwádìí kò ní idán nínú. Wọn a kọ́kọ́ béèrè pé: Baba, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ẹsẹ̀ kan ni tàbí méjèèjì? Ṣé òru ni ó ń dùn yín jù? Irú oúnjẹ wo ni ẹ máa ń jẹ? Wọn a ní kí ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní ìdúró, kí ó sì dijú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò bá ròyìn ibi tí ẹsẹ̀ wà fún ọpọlọ mọ́, ojú ni ó fi ń dúró. Bí ó bá dijú, yóò máa fì. Wọn a lu irin kan tí orí rẹ̀ là sí méjì kí ó lè máa gbọ̀n, wọn a gbé ìdí rẹ̀ lé kókósẹ̀, wọn a sì béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀jẹ̀. Ó dára, nígbà náà, kí ẹni tí yóò mú baba rẹ̀ lọ láti Ìlọrà ti kọ ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀, àti gbogbo àgbo tí baba ti mu, láìtijú. Ọmọ ilé-ìwé ni iṣẹ́ yẹn tọ́ sí nínú ilé.

Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ ni Ọ̀ṣúntókun ti rí i pé ohun kan pọ̀ jù: ohun tí ara ń sọ májèlé sáyánáìdì dà nígbà tí ó bá ń pa agbára rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé yìí nínú. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ àwọn ará abúlé lọ láti wádìí oúnjẹ wọn, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni àwọn tí àrùn náà ń bá jà gbára lé jù. Ní 1968 ni ó tẹ ìwádìí ńlá rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Brain.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí da gàrí nù o! Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a fi sábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án, tàbí èyí tí a rẹ dáadáa kí a tó sá a fún láfún, ti pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú májèlé rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ni ó sì ń fún ara ní ohun tí ó fi ń bá ìyókù jà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní 2000, Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn láti Òsósà, ìlú Hubert Ogunde lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, pé àrùn náà ṣì wà níbẹ̀, tí ó ń yọ nǹkan bí ènìyàn mẹ́fà lẹ́nu nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí, wọn kò rí i pé sáyánáìdì inú oúnjẹ tó láti ṣàlàyé ìdí tí àrùn náà fi mú ẹnìkan tí ó sì fi ẹlòmíràn sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti fún àìsàn ẹsẹ̀ àwọn ará Òsósà ní orúkọ; ohun tí ó fà á gan-an ni wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí.