Òórùn Kẹ́míkà Láti Iléeṣẹ́: Ó Ní Ewu, Ó sì Ní Oògùn



Ẹni tó bá ń gbé Sango, Ìjù, Àtàn tàbí ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò mọ òórùn kan tí kì í ṣe ti ààtàn. Ó jọ ti ọ̀dà tútù, ó sì máa ń le sí i lóru tí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé bí ìlú oníléeṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń rùn, àti ohun tó lè pa á kó tó dé imú wa.

Kí ni ó ń rùn?

Iṣẹ́ ọ̀dà, fóòmù, gúlù àti títẹ àwòrán sára ọ̀rá máa ń lo kẹ́míkà olómi tó dà bíi tínà. Bí bẹntiróòlù tó dà sílẹ̀ ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Lára wọn ni toluene, xylene àti benzene.

Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka benzene mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Toluene àti xylene ń fa ẹ̀fọ́rí, òòyì àti ojú títa. Bí oòrùn bá pa irú afẹ́fẹ́ kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n máa ń di ósóònù nítòsí ilẹ̀, èyí tó ń mú kí àsímà le fún àwọn ọmọ wa.

Gbígbé ọ̀pá èéfín ga kò wo èyí sàn. Ó kàn ń gbé e kọjá ilé tiwa lọ sí ilé aládùúgbò ni.

Báwo ni a ṣe ń pa á?

Kẹ́míkà wọ̀nyí ṣeé jó. Bí wọ́n bá jó tán, omi àti carbon dioxide tí àwa náà ń mí síta ni wọ́n ń dà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí iná nìkan tó jó wọn tán, ooru rẹ̀ ní láti tó nǹkan bíi 760 sí 870 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Owó gáàsì tàbí dísù tí èyí ń jẹ kì í ṣe kékeré.

Níbí ni kátálíìsì ti wúlò. Ẹ wo alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Òun ló ń mú ọkùnrin àti obìnrin pàdé kíákíá. Nígbà tí yìgì bá so tán, òun kò di ọkọ, kò di ìyàwó, yóò tún lọ ṣe alárinà fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kátálíìsì ń mú kẹ́míkà àti ọ́síjìn pàdé lójú ara rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì jó. Ooru bíi 300 sí 500 ti tó fún un.

Inú àpótí irin ni ó máa ń wà: amọ̀ sísun oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, tí wọ́n fi platinum tàbí palladium tín-ín-rín bò lára. Èyí tó ní bàbà tàbí manganese náà wà, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè pa 95 nínú 100 kẹ́míkà tó wọlé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ohun àjèjì. Ìkan náà ni àgólò tó wà lára ọ̀pá sàláńsà ọkọ̀ tòkunbọ̀, èyí tí àwọn kan ń yọ tà. Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Láti 1975 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbé e jáde.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Òjé, imí-ọjọ́ àti silicone máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lára títí kò fi ní ṣiṣẹ́ mọ́. Eruku ń dí ihò rẹ̀. Ooru àpọ̀jù ń pa á. Kẹ́míkà tó bá ní chlorine máa ń di ásíìdì bó bá jó, nítorí náà ó tún ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò fi omi fọ afẹ́fẹ́ náà. Kátálíìsì kò sì lè wo èéfín òjé láti ara bátìrì àtijọ́ tí wọ́n ń yọ́, irú èyí tí a gbọ́ nípa Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ohun tí yóò sẹ́ eruku òjé ni ìyẹn ń fẹ́.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi tí òórùn ti ń wá sílẹ̀. Ẹ̀rí tó wà nínú ìwé lágbára ju ariwo lọ.

2. Kí àwọn àgbà àdúgbò lọ bi iléeṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Kí ni ó ń pa kẹ́míkà kó tó jáde? Ìgbà wo ni ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Ta ní ń wọn ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde?

3. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ìbòmú aláṣọ kò dí afẹ́fẹ́ kẹ́míkà. Ẹ béèrè èyí tó ní èédú nínú, kí ẹ sì máa dé agolo tínà.

4. Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ dín in kù: ọ̀dà olómi lásán àti dídé dúrọ́ọ̀mù kò náni tó ẹ̀rọ.

5. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí OGEPA ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí NESREA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007. Òfin lórí afẹ́fẹ́ mímọ́ wà láti 2014.

Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ń jẹun láti iléeṣẹ́ wọ̀nyí. A kò gbàdúrà kí wọ́n kógbá sílé. Ẹ̀sìn wa kọ̀ kí a ni ẹnikẹ́ni lára, ó sì kọ̀ kí a fi ìnira san ìnira. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀nà tí gbogbo wa jọ ń gbà, àtọmọ àtàgbà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.