Tìróò Ojú, Òjé Inú Egungun

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin ni, ó sì kan àwọn ọmọbìnrin wa tí ọmú wọn kò tíì yọ.

Ta ni kò mọ̀ pé tìróò yẹ ojú? Ọmọ tuntun kì í pẹ́ dé ilé kí ìyá àgbà tó gbé ìgò tìróò jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́jà: òkúta dúdú tó ń kọ mànà, tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, á di lẹ́búlẹ́bú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òjé (lead) ló pọ̀ jù nínú òkúta yẹn. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tó jẹ́ ìran Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á ti ìka bọ ẹnu. Bó ṣe ń wọnú ara nìyẹn.

Kí ló wá kan ìbàlágà ọmọbìnrin nínú èyí? Òjé máa ń dí họ́mónù tí ọpọlọ fi ń jí ilé ẹyin lọ́wọ́. Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọbìnrin ọdún 8 sí 18. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ní òjé máíkírógírámù 3 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan pẹ́ yọ ọmú ju àwọn tó ní 1 lọ, nǹkan oṣù wọn náà sì fi oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ pẹ́. Ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọmọ kò sì ní ké pé ibì kan ń dun òun. Síbẹ̀, ẹ má torí èyí dá ọmọ tí kò tètè rí nǹkan oṣù lágara. Kálukú ló ní àkókò tirẹ̀.

Òjé kì í tètè kúrò lára. Inú egungun ló ń lọ jókòó sí bí owó àjọ, ó sì lè lo ogún ọdún níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá dàgbà tó lóyún, tí oyún ń fa kálísíọ́mù nínú egungun rẹ̀, òjé á bá a jáde, á gba ibi-ọmọ kọjá sára ọmọ inú.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má lé tìróò fún ọmọdé mọ́. Bí ìyá ọkọ bá ta kú, ẹ má bá a jà. Ẹ ní nọ́ọ̀sì ló kọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpara abóra, torí mákúrì, tí òun náà jẹ́ májèlé bí òjé. Bí ẹ bá rí mercury, calomel tàbí mercurous chloride lára ike, ẹ má rà á. Èyí tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá, ẹ sá fún un. Ọwọ́ tí ẹ fi pa á náà lẹ fi ń gbé ọmọ.

Bí bàbá ilé bá ń tú bátìrì mọ́tò tàbí tó ń ha ọ̀dà àtijọ́, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó gbé ọmọ, kẹ́ ẹ sì fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, inú agboolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀. Ọmọdé tó kú lé ní 400.

Ẹ bọ́ ọmọ dáadáa. Ara tí áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́mù kò tó nínú rẹ̀ máa ń gba òjé sí i. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àti ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegunteegun dára fún un.

Bí ẹ bá sì ti ń lé tìróò fún ọmọ tẹ́lẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ béèrè àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó ìgò tìróò kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó lónìí, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìyá ọmọ tó wà lójúlé kejì.